Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Wọ̀n Ọ́n: Ìtọ́sọ́nà fún Kíkọ́ Ọmọdé Nípa Ọrọ̀ Ilẹ̀ Ayé àti Ìlò Rẹ̀

"Pa omi yẹn!" "Ta ló fi iná sílẹ̀?" Ilé wo ni wọn kì í ti í pariwo báyìí? Ọmọ á pa omi, á pa iná, torí pé ẹ ń wò ó. Tí ẹ bá ti yíjú kúrò, ó parí. Kì í ṣe pé etí ọmọ di. Ọmọ kò rí ohun tó ń ṣòfò ni. Omi tó ń ṣàn lẹ́nu ẹ̀rọ, kò rí ibi tó ti ń bọ̀, kò rí ibi tó ń lọ, kò sì mọ bó ṣe pọ̀ tó. Ohun tí ojú kò rí, tí ọwọ́ kò kàn, tí a kò mọ iye rẹ̀, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ṣọ́ ọ?

Ìdí nìyẹn tí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín fi dá lórí nǹkan kan ṣoṣo: kí ọmọ kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ wọn nǹkan, kí a tó sọ fún un pé kó dín in kù. Ife, ìgò, òkúta wẹ́wẹ́, ìwé àkọsílẹ̀ kan àti pẹ́ńsù lẹ nílò. Òbí lè ṣe é, olùkọ́ lè ṣe é, ẹ̀gbọ́n tí wọ́n fi àbúrò sílẹ̀ fún lè ṣe é. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sọ́jọ́ kan; ìgbésẹ̀ kan lọ́sẹ̀ kan ti tó. Bí ẹyẹ bá sì ṣe fò la ṣe ń sọ̀kò rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà á gbádùn ìgbésẹ̀ kìíní àti ti erùpẹ̀, ẹ má fi ìṣirò yọ ọ́ lẹ́nu. Ọmọ tó ti mọ ìsọdipúpọ̀ lè ṣe gbogbo rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ tọpa nǹkan dé orírun rẹ̀

Ẹ mú nǹkan kan nínú ilé, kí ẹ bi ọmọ pé: níbo lèyí ti wá? Ó ṣeé ṣe kó kọ́kọ́ dáhùn pé, "Wọ́n rà á ni." Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ló sọ. Ẹ tún béèrè: kí ni wọ́n fi ṣe é? Níbo ni wọ́n ti rí ohun tí wọ́n fi ṣe é? Ẹ máa bá a lọ títí ẹ óò fi dé ibi igi, omi, ilẹ̀ tàbí kòtò ìwakùsà. Ibẹ̀ lẹ óò dúró.

Ìwé dé ibi igi kíákíá. Ife onígíláàsì dé ibi yanrìn, èyí sì máa ń ya ọmọ lẹ́nu. Pẹ́ńsù ní ọ̀nà méjì: ara rẹ̀ jẹ́ igi, ohun dúdú inú rẹ̀ sì jẹ́ gíráfáìtì, ohun kan tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀, tí wọ́n wá pò mọ́ amọ̀. Ṣíbí lọ sí òkúta tó ní irin nínú. Aṣọ lè lọ sí oko òwú, ó sì lè jẹ́ epo rọ̀bì ni wọ́n fi ṣe òwú rẹ̀, nítorí náà ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ọrùn rẹ̀. Ọ̀rá àti ike? Epo rọ̀bì náà ni. Fóònù ni ẹ fi sí ìgbẹ̀yìn, torí ìdílé rẹ̀ pọ̀: bàbà wà nínú rẹ̀, wúrà díẹ̀ wà nínú rẹ̀, líthíọ̀mù sì wà nínú bátìrì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ ya ìlà láti ara nǹkan kọ̀ọ̀kan dé orírun rẹ̀ lórí bébà ńlá kan. Nǹkan mẹ́wàá ti tó. Tó bá parí, á rí i pé gbogbo ìlà náà padà sí ibi díẹ̀. Ẹ má ṣàlàyé ohunkóhun. Ẹ lẹ bébà náà mọ́ ògiri, a ó padà wá sí i.

Ìgbésẹ̀ kejì: Òkìtì mẹ́ta, kì í ṣe méjì

Ọ̀pọ̀ ìwé ilé ẹ̀kọ́ ló máa ń pín ọrọ̀ ilẹ̀ ayé sí méjì: èyí tó ń padà wá àti èyí tí kì í padà wá. Èmi ò fara mọ́ ọn, torí ó ń jẹ́ kí ọmọ rò pé igi àti ẹja kò lè tán, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti wà lábẹ́ "èyí tó ń padà wá". Ẹ jẹ́ kí òkìtì jẹ́ mẹ́ta.

Òkìtì kìíní ni èyí tí ìlò wa kò lè dín kù: ìtànṣán oòrùn àti afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́. Bó ti wù kí a yá oòrùn tó lónìí, ti ọ̀la kò dín.

Òkìtì kejì ni èyí tó ń padà wá *tí a bá fún un láyè*: igi, ẹja, erùpẹ̀, omi tó mọ́. Tí a bá yára mú un ju bó ṣe ń padà lọ, ó tán.

Òkìtì kẹta ni èyí tí kò ní padà lójú ayé ẹnikẹ́ni: èédú ilẹ̀, epo rọ̀bì, gáàsì, òkúta inú ilẹ̀. Èyí tó pọ̀ nínú èédú ilẹ̀ tí ayé ń lò jẹ́ ara igi àti ewéko tó kú sínú àbàtà ní nǹkan bíi 300 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ọmọ kò lè fojú inú wo 300 mílíọ̀nù, àgbà náà kò lè ṣe é, torí náà ẹ sọ fún un pé kò tíì sí èèyàn kankan, kò tíì sí ẹyẹ, kò tíì sí òdòdó nígbà náà.

Ẹ padà sí bébà ara ògiri, kí ọmọ fi àwọ̀ mẹ́ta kun àwọn orírun náà. Á jiyàn. Ọmọ tó gbọ́n á béèrè pé irin ńkọ́, ṣebí wọ́n lè yọ́ ṣíbí kí wọ́n fi rọ nǹkan mìíràn? Ìbéèrè tó dára jù lọ nìyẹn, ẹ má yára dáhùn rẹ̀. Irin kò ní hù padà nínú ilẹ̀, àmọ́ èyí tó ti wà lọ́wọ́ wa lè máa yí po. Epo tí a ti jó, ó ti jó.

Fún ọmọ tó ti tó ọdún mẹ́wàá, ẹ sọ ìtàn Nauru, erékùṣù kékeré kan nínú òkun Pàsífíìkì tí èèyàn lè wa ọkọ̀ yí po kí wákàtí kan tó pé. Fọ́sífeètì, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, kún inú ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n wà á fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìgbà kan wà láàárín ọdún 1970 sí 1980 tí àwọn ará ibẹ̀ wà lára àwọn tó lówó jù lọ láyé. Nígbà tó fi máa di òpin ọ̀rúndún ogún, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti lọ, owó náà ti lọ, àárín erékùṣù náà sì di òkúta ṣóńṣó-ṣóńṣó tí irúgbìn kò rọrùn láti hù lórí rẹ̀. Ẹ bi ọmọ pé, ká ní òun ni olórí wọn ní ọdún 1970, kí ni òun ì bá ṣe? Ẹ gbọ́ tirẹ̀ tán kí ẹ tó sọ tiyín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Omi inú ìgò kan

Ẹ bu omi kún ìgò tó gba lítà kan. Ẹ sọ fún ọmọ pé gbogbo omi tó wà láyé nìyí: òkun, odò, yìnyín, omi abẹ́ ilẹ̀. Ẹ ní kó fi ṣíbí kékeré, èyí tó ń gba mílílítà 5, bu ṣíbí márùn-ún sínú ife kan. Èyí tó kù nínú ìgò jẹ́ omi iyọ̀. Ẹ lè da iyọ̀ sí i, kó tọ́ ọ wò, kó tutọ́ rẹ̀ dànù, kó má bàa gbàgbé.

Ó wá ku ṣíbí márùn-ún omi tí kò níyọ̀. Bíi ṣíbí mẹ́ta àtààbọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ yìnyín, pàápàá ní ìhà ìsàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún àti ní Greenland. Ẹ gbé e sọ́tọ̀. Bíi ṣíbí kan àtààbọ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀. Gbogbo odò àti adágún tí a lè fojú rí ńkọ́? Ẹ̀kán kan tàbí méjì ni. Ẹ jẹ́ kó fi ìka kán an sórí àwo, kí ẹ sì jọ wò ó. Mi ò tíì rí ọmọ tó sọ̀rọ̀ níbi ẹ̀kán yẹn.

Ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé e ni pé, "Ṣé omi máa tán ni?" Ẹ má parọ́ fún un. Omi ayé kì í tán: oòrùn ń fà á sókè, ó ń di ìkùukùu, ó ń rọ̀ padà. Ohun tó ń tán ni omi tó mọ́, tó wà nítòsí, ní àkókò tí a nílò rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìwọ̀n gidi. Ẹ gbé garawa sábẹ́ ẹ̀rọ nígbà tí ọmọ ń fọ eyín bó ṣe máa ń fọ̀ ọ́, kó ṣí omi sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣí i. Kó wọn ohun tó wà nínú garawa. Ní ọ̀la, kó fi ife kan fọ̀ ọ́. Kó kọ ìwọ̀n méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Níbi tí kò bá ti sí omi ẹ̀rọ, kó ka iye garawa tí ilé ń lò lójúmọ́ àti ohun tí wọ́n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó ń ru omi sórí ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ ju olùkọ́ rẹ̀ lọ.

Tí ẹ̀rọ kan bá ń kán nínú ilé, ẹ má tíì tún un ṣe. Ẹ gbé ife sábẹ́ rẹ̀ fún wákàtí kan. Ká ní mílílítà 200 ló wà nínú rẹ̀, kí ọmọ sọ ọ́ dìlọ́po 24: lítà 4.8 lójúmọ́. Kó tún sọ ọ́ dìlọ́po 365: lítà 1,752 lọ́dún. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ wá tún ẹ̀rọ náà ṣe lójú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó má ro pé àgbà kàn fẹ́ràn ìṣirò ni.

Ẹ jẹ́ kí n ki ọ̀rọ̀ kan bọ̀ ọ́ níbí. Mo ti rí ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò sùn torí wọ́n sọ fún un pé ayé ń kú lọ. Ìkìlọ̀ tó wúwo ju ọjọ́ orí ọmọ lọ kì í sọ ọ́ di olùṣọ́. Ó ń jẹ́ kó di etí ni. Nítorí náà, tí ẹ bá sọ ohun tó bàjẹ́, ẹ sọ ohun tí wọ́n ṣe sí i pẹ̀lú. Òkun Aral, láàárín Kazakhstan àti Uzbekistan, jẹ́ ọ̀kan lára adágún mẹ́rin tó tóbi jù láyé ní ọdún 1960. Wọ́n darí omi odò méjì tó ń wọ inú rẹ̀ sí oko òwú, ó sì gbẹ débi pé ọkọ̀ ojú omi jókòó sórí yanrìn. Apá kan ìtàn náà péré la sọ tí a bá dúró síhìn-ín. Ní ọdún 2005, wọ́n parí ìdídò kan ní apá àríwá rẹ̀, omi apá ibẹ̀ gòkè, ẹja sì padà. Kì í ṣe gbogbo òkun náà ló padà o. Ọmọ lè gba òótọ́ méjèèjì pọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Erùpẹ̀

Ẹ bu erùpẹ̀ dé ìdajì ìgò tó mọ́ gaara, ẹ pọn omi kún un, ẹ dé e, kí ọmọ mì ín títí ọwọ́ á fi ro ó. Ẹ gbé e kalẹ̀. Yanrìn á kọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tó kúnná jù ú lọ á tẹ̀ lé e ní wákàtí mélòó kan. Amọ̀ lè gbà tó ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewé àti egbò tó ti ń jẹrà á léfòó. Ọmọ á rí i pé ohun tí òun ń pè ní "ìdọ̀tí" ní ìpele.

Ti ẹ̀ẹ̀kejì: ẹ la ìgò ike méjì lóòró (àgbà ni kó di ọ̀bẹ mú), kí ẹ tẹ́ wọn lélẹ̀. Ẹ kó erùpẹ̀ lásán sínú ọ̀kan, erùpẹ̀ pẹ̀lú koríko tó ti ta gbòǹgbò sínú èkejì. Ẹ gbé wọn dagẹrẹ díẹ̀, ẹ gbé ife sábẹ́ ẹnu wọn, kí ẹ rọra da omi sí i bí òjò. Omi tó jáde lára erùpẹ̀ lásán á pọ́n. Ti koríko á mọ́ jù ú lọ. Èyí tó wà nínú ife pípọ́n yẹn ni ohun tí ilẹ̀ pàdánù. Àjọ FAO, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, sọ pé ó lè gbà tó 1,000 ọdún kí erùpẹ̀ tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 tó dá. Kí ọmọ fi ìka rẹ̀ wọ̀n ọ́n: kò ju ìpele ìka kan lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Eré ẹja

Tó bá jẹ́ ìgbésẹ̀ kan péré lẹ ní àyè fún, èyí ni kẹ́ ẹ ṣe.

Ọmọ mẹ́rin, àwo kan, òkúta wẹ́wẹ́ 16. Àwo ni odò, òkúta ni ẹja. Nígbà tí ẹ bá pàtẹ́wọ́, kí kálukú kó iye tó bá wù ú. Iye tó bá ṣẹ́ kù nínú odò á bímọ: ẹ fi irú iye bẹ́ẹ̀ kún un, ṣùgbọ́n odò kò lè gbà ju 16 lọ. Ẹni tó bá ní ẹja jù lẹ́yìn ìgbà mẹ́wàá ló borí. Òfin ìgbà àkọ́kọ́: kò sí ọ̀rọ̀ sísọ.

Ẹ ò ní dé ìgbà kẹwàá. Lọ́pọ̀ ìgbà, odò á gbẹ ní ìgbà kìíní tàbí ìkejì, ariwo á sì sọ: "Ìwọ lo kó o tán!" "Ìwọ náà kó o!" Ẹ jẹ́ kí ariwo náà ṣe díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dá ẹja padà, kí ẹ sọ pé wọ́n lè sọ̀rọ̀ báyìí kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ pa ẹnu mọ́. Èyí ló ṣòro jù fún àgbà.

Bí wọ́n bá pẹ́ níbẹ̀, ẹnì kan á rí i pé tí kálukú bá mú méjì, mẹ́jọ ló kù, mẹ́jọ á sì bí mẹ́jọ, odò á kún padà. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́wàá, kálukú ní ogún. Tí wọ́n bá mú mẹ́ta-mẹ́ta ńkọ́? Mẹ́rin ló kù, ó di mẹ́jọ, wọ́n pín in ní méjì-méjì, ó tán. Márùn-ún péré ni kálukú ní, eré sì parí. Kí ọmọ kọ ogún àti márùn-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ìwé rẹ̀.

Níbi tí wọ́n bá ti gbádùn rẹ̀ dé, ẹ sọ fún wọn pé irú eré yìí ti ṣẹlẹ̀ lójú ayé. Létíkun Newfoundland ní Kánádà, ẹja kọ́ọ̀dù pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún débi tí àwọn èèyàn fi rò pé kò lè tán. Ọkọ̀ ìpẹja ńláńlá dé, wọ́n ń kó o ju bó ṣe ń bímọ lọ. Ní oṣù Keje ọdún 1992, ìjọba ní kí iṣẹ́ dúró, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì pàdánù iṣẹ́. Ẹ tún sọ apá kejì. Elinor Ostrom, ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé, ní ọdún 2009, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo àwọn tó jọ ń lo igbó, omi tàbí ibú ẹja kan. Ó rí i pé wọ́n lè fẹnu kò lórí òfin tiwọn, kí wọ́n sì jọ máa ṣọ́ ọ. Ohun tí àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn ṣe nídìí àwo náà nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Iná

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí ọmọ kọ nọ́ńbà ojú míta sílẹ̀ ní àkókò kan náà lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Níbi tí kò sí míta, kó ka wákàtí tí gílóòbù kọ̀ọ̀kan fi tàn. Gílóòbù àtijọ́ tó ń lo 60 wọ́ọ̀tì, tí wọ́n bá tàn án fún wákàtí márùn-ún, ti lo 300 wọ́ọ̀tì-wákàtí (wọ́ọ̀tì tí a sọ dìlọ́po iye wákàtí). Gílóòbù LED tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó tirẹ̀ ń lo nǹkan bíi 9, ìyẹn 45. Ìyókù tí ti àtijọ́ ń jẹ, ooru ló ń fi ṣe, torí náà kí ọmọ na ọwọ́ sí ìtòsí rẹ̀, kó má fọwọ́ kàn án.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ sin ín, ẹ wú u

Ewé, bébà, àkísà òwú, ọ̀rá, ìdérí ike, agolo. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ri igi mọ́ ibẹ̀, kí ọmọ kọ ohun tó rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ sí i kí ẹ tó bò ó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ wú wọn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tó kọ àti ohun tó bá níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà. (Kí wọ́n fọ ọwọ́, kí etí agolo má ṣe mú.)

Agolo alumíníọ̀mù ni kẹ́ ẹ gbé jáde fún ọ̀rọ̀ àtúnlò. Láti yọ́ ògbólógbòó rẹ̀ ṣe tuntun, nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 péré ni agbára tó ń gbà, tí a bá fi wé èyí tí wọ́n ń fi yọ ọ́ lára òkúta inú ilẹ̀. Síbẹ̀, àtúnlò ló kẹ́yìn. Kí a má rà á, kí a lò ó pẹ́, kí a tún un ṣe tó bá bàjẹ́: àwọn yìí ló ṣáájú. Mo máa ń rí ilé ẹ̀kọ́ tó ní kí àwọn ọmọ mú ìgò ike wá láti fi ṣe òdòdó, tí òbí sì sáré lọ ra ohun mímu nítorí ìgò rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Igi kan, ọdún kan

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ni mo fi sẹ́yìn. Gbígbin igi rọrùn, fọ́tò rẹ̀ sì máa ń dára. Yíyè rẹ̀ ni iṣẹ́. Wangari Maathai bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ Green Belt ní Kẹ́ńyà ní ọdún 1977, àwọn obìnrin ibẹ̀ sì gbin ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù igi. Owó díẹ̀ tí wọ́n ń fún wọn, orí igi tó yè ni wọ́n ń kà á lé. Ó gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní ọdún 2004. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ. Ẹ má yìn ín lọ́jọ́ tó gbìn ín. Kó máa wọn gíga rẹ̀ lóṣooṣù, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá kú, kó kọ ìyẹn náà àti ohun tó pa á, kó gbin òmíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Òfin tí ọmọ ṣe

Ìwé àkọsílẹ̀ ti kún báyìí. Ẹ bi ọmọ pé nínú gbogbo ohun tó wọ̀n, èwo ló fẹ́ kí ilé dín kù. Kó mú ẹyọ kan. Kó kọ òfin rẹ̀ pẹ̀lú iye nínú, bíi "ife méjì fún eyín fífọ̀", kì í ṣe "ká má fi omi ṣòfò", torí ẹnikẹ́ni kò lè ṣọ́ ọ̀rọ̀ tí kò níye. Òfin náà mú gbogbo ilé, títí kan ẹ̀yin náà. Tí ọmọ bá mú yín níbi tẹ́ ẹ ti rú u, ẹ gbà pé ẹ rú u. Àgbà tó bá fi "àgbà ni mí" dáhùn lọ́jọ́ yẹn ti fọ iṣẹ́ oṣù méjì dànù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ padà wọn nǹkan náà bí ẹ ṣe wọ̀n ọ́n lákọ̀ọ́kọ́: garawa kan náà, àkókò kan náà. Ẹ kọ iye tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Tó bá dín kù, kí ọmọ mú ohun kejì. Tí kò bá dín kù, ẹ bi í pé kí ló rò pé ó fà á, ẹ jẹ́ kó tún òfin náà kọ, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mìíràn.